Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Ẹ̀kọ́ Tí Aṣòfin Fomena Kọ́ Wa

Ní Nàìjíríà, ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kò lè du ipò kankan nínú ìdìbò gbogbogbòò. Abala 65 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan, kí ẹgbẹ́ náà sì fà á kalẹ̀. Abala 131 sọ bẹ́ẹ̀ fún ààrẹ, abala 177 sọ ọ́ fún gómìnà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí àwa tó dé ibi àpótí ìbò, àwọn kan ti bá wa yàn ná. Èyí tó kù la ń pè ní ìbò. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà òṣèlú tiwa, àwọn olórí ẹgbẹ́ sì ni oníbodè rẹ̀.

Mo wà lára àwọn tó fẹ́ kí a la ọ̀nà kejì, kí òfin gba olùdíje aládàádúró láàyè. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí a fi ẹ̀tàn là á. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni tí kò bá ti ní ẹgbẹ́ ti di ẹni mímọ́ nìyẹn. Kí àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ yà sí Gánà, níbi tí ìwé òfin ọdún 1992 ti fàyè gba aládàádúró, kí wọ́n wo iṣẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Andrew Asiamah Amoako, aṣòfin tó ń ṣojú Fomena ní agbègbè Ashanti.

Lábẹ́ àsíá NPP ló ti wọlé ní 2016. Nígbà tí ìdìbò 2020 ń bọ̀, ó fi orúkọ sílẹ̀ láti dá dúró. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí abẹnugan ilé, Mike Oquaye, pé ọkùnrin náà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ àwọn mọ́. Ní oṣù kọkànlá, Oquaye kéde pé àga Fomena ti ṣófo. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá, àwọn ará Fomena tò síbi ìbò, wọ́n sì gbé ọkùnrin kan náà padà sórí àga kan náà. Agbègbè Ashanti, tí gbogbo Gánà mọ̀ sí ilé NPP, ni olùdíje NPP ti fìdí rẹmi.

Ohun tó wù mí nínú ìtàn yìí nìyẹn. Ohun tí ẹgbẹ́ fi lẹ́tà gbà, aráàlú fi ìbò dá a padà láàárín nǹkan bí oṣù kan. Tiwa ńkọ́? Ẹni tí ẹgbẹ́ bá yọ orúkọ rẹ̀ ní Nàìjíríà, kó wá ẹgbẹ́ mìíràn tí yóò yá a ní àsíá, kó gba ilé ẹjọ́ lọ, tàbí kó lọ jókòó sílé. Bí gbogbo ìlú rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ ẹ, kò sí àyè tí wọn yóò tẹ̀ka sí fún un.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Àga 275 ló wà nílé aṣòfin Gánà nígbà náà. NPP mú 137, NDC mú 137, ẹyọ kan tó kù sì jẹ́ ti Fomena. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọkùnrin kan tí kò ní ẹgbẹ́ ló wá di òṣùwọ̀n mú. Kí ló fi ṣe? Bí ilé náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2021, ó kọ̀wé pé NPP, ẹgbẹ́ tó lé e, ni òun yóò bá ṣiṣẹ́. NPP di 138, wọ́n di ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù. Òun náà di igbákejì abẹnugan kejì. Mi ò fẹ̀sùn kàn án pé ó ta nǹkan kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé kan ṣoṣo ló gbé ìbò Fomena fún ẹgbẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ kò sí olùdìbò kankan tó dìbò lórí ìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìbò ẹyọ kan kò já mọ́ nǹkan. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá 2021, NDC kọ ètò ìṣúná ọdún 2022, èyí tí owó orí tuntun lórí fífi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣèjọba ti bínú jáde. Ní ọjọ́ 30, nígbà tí NDC kò sí níbẹ̀, Joseph Osei-Owusu tó jókòó ní ipò abẹnugan ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó wà níjòókòó, ó ní àwọn pé 138, wọ́n sì yí ìpinnu náà padà. Òfin Gánà ní ó kéré tán, ìdajì ilé gbọ́dọ̀ wà níjòókòó kí wọ́n tó dìbò. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìdajì 275 ju 137 lọ. Ẹ yọ ará Fomena kúrò, iye náà kò pé mọ́.

Owó orí yẹn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2022, ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń fi fóònù ránṣẹ́ owó sílé ló ń san án, títí ìjọba tuntun fi pa á rẹ́ ní 2025. Ẹni tó di òṣùwọ̀n mú ì bá ti sọ pé, “Ẹ yọ èyí kúrò kí n tó jókòó.” Ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ wá aládàádúró nìyẹn. Bí kò bá ní ṣe é, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ọmọ ẹgbẹ́?

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé àwọn ará Fomena mọ̀ pé ọmọ NPP ni lọ́kàn, pé àwọn olórí ẹgbẹ́ ni wọ́n ń bá jà, wọn ò bá ẹgbẹ́ jà. Wọn yóò ní ní 2024, ó padà sábẹ́ àsíá NPP, Fomena sì tún dìbò fún un. Ìdáhùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí à ń jẹ́ ẹ fún. Bí Fomena bá ní inú àwọn dùn, èmi ta ni? Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé a mọ ibi tí aládàádúró yóò jókòó sí, kó sọ ọ́ kí a tó dìbò.

Ẹ tún wo bí òfin ṣe tẹ̀ síbi kan. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 2024, abẹnugan Alban Bagbin kéde pé àga mẹ́rin ti ṣófo. Ti Amoako wà lára wọn, torí ó ti fi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ NPP fún ìdìbò tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ abala 97 sọ pé aládàádúró tó bá wọ ẹgbẹ́ yóò pàdánù àga rẹ̀. NPP sáré gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, adájọ́ márùn-ún nínú méje ní Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá Bagbin lẹ́bi: ẹni tó bá yí padà nínú ilé tó wà lórí oyè lọ́wọ́ nìkan ni òfin náà mú, kò mú ẹni tó ń múra de èyí tó ń bọ̀. Ọkùnrin kan náà ni, àga kan náà. Nígbà tó ń kúrò nínú ẹgbẹ́, àga ṣófo; nígbà tó ń padà, àga ò ṣófo. Ẹgbẹ́ tó jàǹfààní lẹ́ẹ̀kíní náà ló jàǹfààní lẹ́ẹ̀kejì. Ìdájọ́ ni, a ó sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ kó irú rẹ̀ wálé.

Àwa náà ní òfin tó jọ ọ́. Abala 68 ní aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ yóò fi àga sílẹ̀, àyàfi bí ẹgbẹ́ náà bá pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tiwa lo òfin yìí ní 2015 nínú ẹjọ́ Ifedayo Abegunde láti Àkúrẹ́, ẹni tó kúrò nínú ẹgbẹ́ Labour lọ sí ACN. Wọ́n ní ìjà inú ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan kò tó àwáwí. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ ni a ń rí aṣòfin tó ń fò láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un nínú ilé.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Èkíní, kí a tún abala 65 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kí ẹni tí aráàlú fẹ́ lè dá dúró. Ìgbìmọ̀ Uwais dá a lábàá láti 2008. Ní 2013, Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà dá Tanzania lẹ́bi nínú ẹjọ́ Mtikila torí pé ó ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Èkejì, kí olùdíje aládàádúró kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìdìbò tó dé bóyá yóò bá ẹgbẹ́ kan jókòó, àti nítorí kí ni. Ẹ̀kẹta, kí àga ṣófo lọ́jọ́ tó bá fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ ìdìbò ọ̀la ló ń múra fún.

Ìdìbò 2027 ń bọ̀. Bí olùdíje bá wá kí yín nílé, ẹ gba ìrẹsì rẹ̀ tàbí kí ẹ má gbà á, ìyẹn kù sọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé: ṣé yóò dìbò kí á tún abala 65 ṣe, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bó bá ní òun yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹ ti mọ ẹni tó rán an níṣẹ́.