Nítorí Pé Kò Ní Ṣọ́ọ̀bù Fọ́tò, Ṣé Kí Ó Fi Fọ́tò Rẹ̀ Tọrẹ?

  Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní ìlú Kano, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè gbé mì, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ìpàdé wa, a kò sì fẹ́ kí ó di ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀.

Ẹ rántí ọjọ́ àṣà tí a ṣe lọ́dún tó kọjá. Kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú wa, olùkọ́ ìṣirò ní Sabon Gari níhìn-ín, rí ìyá wa Àlàájà kan tí ń wé gèlè fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ọmọ náà dijú, ìyá fi eyín di etí gèlè kan mú. Olùkọ́ yọ kámẹ́rà kékeré rẹ̀, ó yà á. Kò ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò, kò sì gbowó fọ́tò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó gbé e sórí Facebook kí àwọn ará ilé lè rí i. Àwọn tó rí i pọ̀ ju bí ó ti rò lọ.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì kan tí ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ṣe ìpolówó ọjà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn fọ́tò náà, àwọn sì fẹ́ lò ó. Wọ́n ní àwọn kò ya owó sọ́tọ̀ fún fọ́tò, ṣùgbọ́n àwọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, gbogbo Nàìjíríà yóò sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi ìwé kan tì í pé kí ó fọwọ́ sí i. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀: kí wọ́n máa lo fọ́tò náà títí ayé, níbikíbi lágbàáyé, lọ́nà yòówù tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì lè gbé e fún ẹlòmíràn. Ọjà tí wọ́n fẹ́ fi polówó, wọn kò dárúkọ rẹ̀.

Olùkọ́ mú lẹ́tà wá sípàdé láti gba ìmọ̀ràn. Ìmọ̀ràn tí púpọ̀ nínú wa fún un ni ó mú wa kọ èyí. Àgbà kan ní, "Ọmọ mi, fọwọ́ sí i kíá kí wọ́n tó yí ọkàn padà. Ṣebí ìṣẹ́jú kan lo fi yà á?" Ẹlòmíràn ní bí ó bá béèrè owó, wọn yóò lọ bá ẹ̀yà mìíràn. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ pé iyì ẹgbẹ́ ni, pé ọmọ gidi kì í fi iyì ẹgbẹ́ ṣòwò.

Ẹ̀yin àgbà wa, a bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n lórí èyí, ẹ ṣì í. Bí pátákó ìpolówó bá dúró sí etí títì, ta ni nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí kò gbowó? Ẹni tó ni irin pátákó gbowó. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ gbowó. Ẹni tó gun àkàsọ̀ lọ lẹ̀ ẹ́ gbowó. Ìjọba gba tirẹ̀. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó kọ ọ́ pé owó kò sí fún fọ́tò náà ń gba owó oṣù láti fi kọ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí iyì tó o ni ẹni tó ya ohun tí gbogbo wọn ń gbé kiri. Bí orúkọ bá ṣeé jẹ, kí wọ́n fi orúkọ san owó irin náà. Ní ti ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú kan náà ni onílù fi ń kì wá lóde àríyá, síbẹ̀ a ń náwó fún un.

Àwọn kan rò pé nítorí pé fọ́tò kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1988 lórí ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní copyright sọ ọ́, èyí tuntun ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, tún un sọ: ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya fọ́tò, tí kì í ṣe pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹlòmíràn, òun ni ó ni ín. Kò béèrè bóyá ó ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sọ pé àfi kí ó kọ́kọ́ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Abuja. Gbígbé e sórí Facebook kò sì sọ ọ́ di ti ẹni tó bá rí i, bí aṣọ tí a sá síta kò ṣe di ti ẹni tí ń kọjá lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹnu o. Bí ẹnìkan bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ náà pátápátá, tàbí kí ó jẹ́ òun nìkan ni yóò máa lò ó, òfin ní àfi kí ó wà ní àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda lásán lè ti ẹnu jáde, ìwà ènìyàn pàápàá lè fi í hàn. "Kò burú, ẹ máa lò ó" tí a sọ lórí fóònù lè di ohun tí a kò ní lè kó padà.

Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń háyà ilé ní Sabon Gari. Lańdílọ́ọ̀dù kì í fi ìwé ilé lé ayálégbé lọ́wọ́. Yàrá mélòó, ọdún mélòó, ṣé láti gbé ni àbí láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ṣé o lè háyà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, èló ni? Ohun tí kọ́ńpìnnì yìí ń béèrè kì í ṣe yàrá, ìwé ilé ni. Kí olùkọ́ yá wọn: fún ọjà kan, lórí pátákó nìkan, ní Nàìjíríà, fún ọdún kan, ní iye báyìí. Bí ọdún bá pé, kí wọ́n wá san òmíràn. Bí wọ́n bá torí èyí lọ bá ẹ̀yà mìíràn, kí wọ́n máa lọ. Ẹni tó fẹ́ gba iṣu lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe oníbàárà. (Bí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ọmọ aláìlóbìí bá béèrè, ẹ yá wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ owó gan-an kọ́ ni ó dùn wá jù. Nínú gbogbo ariwo tí a pa, kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ Àlàájà. Olùkọ́ ni ó ni fọ́tò, kì í ṣe òun ni ó ni ojú ìyá. Ní 2007, kọ́ńpìnnì fóònù kan ní Australia mú fọ́tò ọmọbìnrin kan láti Texas ní Amẹ́ríkà, tí ẹni tí ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ sọ́nà ní ìjọ rẹ̀ yà, tó sì gbé sórí Flickr pẹ̀lú ìyọ̀ǹda pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, kódà fún òwò. Wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìpolówó wọn. Ìdílé rẹ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Texas, ilé-ẹjọ́ sì da ẹjọ́ náà nù ní 2009 pé òun kò ní agbára lórí kọ́ńpìnnì tó wà lókè òkun.

Ẹ wá wo tiwa. Àlàájà ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá rí ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò ọtí lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ẹ sì mọ ìlú tí a ń gbé. Ṣé iyì ẹgbẹ́ ni yóò lọ bẹ àwọn ọmọ rẹ̀? Bí owó bá sì wọlé, kí ìyá mú nínú rẹ̀. Bí òfin kò bá sọ bẹ́ẹ̀, àṣà wa sọ ọ́.

Kí a tó máa nàka sí kọ́ńpìnnì, ìwé ìrántí yìí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwa tí ń ṣètò rẹ̀ ti ń já fọ́tò yín láti orí WhatsApp tipẹ́, a kò bi ẹnikẹ́ni, a kò kọ orúkọ. Olùkọ́ yìí kan náà ni ó ya fọ́tò iwájú ìwé èṣí; orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni a kọ síbẹ̀. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Lọ́dún yìí, orúkọ ẹni tó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí a kò mọ ẹni tó yà á, a yọ ọ́.

Olùkọ́ kò fọwọ́ sí ìwé náà. A bá a kọ èsì: ọjà wo ni, níbo, ọdún mélòó, èló? Àlàájà, nígbà tí a wá bi í, ní òun gbà bí ó bá jẹ́ ọṣẹ tàbí ìyẹ̀fun, kì í ṣe ọtí, kì í sì í ṣe òṣèlú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, wọn kò tíì dáhùn. Ẹnikẹ́ni tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé bá, kí ó mú un wá sípàdé kí ó tó fọwọ́ sí i. Lọ́yà méjì nínú ẹgbẹ́ wa ti gbà láti máa kà á láìgba kọ́bọ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ o, àwa kọ́ ni a sọ ọ́ fún wọn.