Ẹ Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Láti Bi Sinimá Léèrè Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn yìí nígbà tí ẹ bá ti oko dé, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kò jẹ mọ́ ìbò, kò sì jẹ mọ́ owó orí. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù bá mi dé òpin rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ òmìnira ni pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí kò lè wádìí ohun tí wọ́n fi hàn án, ẹni tí ó fi í hàn án ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ilé-ìwé máa kọ́ àwọn ọmọ wa. Èkíní ni bí a ti í kọ ìwé ìwádìí, ìyẹn ni pé kí ọmọ mú ìbéèrè kan, kí ó wá ìdáhùn rẹ̀ kiri lẹ́nu ènìyàn àti nínú ìwé, kí ó sì kọ ohun tí ó rí pẹ̀lú ẹ̀rí. Èkejì ni bí a ti í yẹ sinimá ìròyìn wò, irú sinimá tí kì í ṣe eré àròsọ, tí àwọn tí ó ṣe é ń wí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni àwọn fi han ayé; òun ni àwọn Òyìnbó ń pè ní dọkumẹ́ńtárì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan náà ni. Ìbéèrè mẹ́rin ni ó so wọ́n pọ̀: Ta ni ó sọ ọ́? Báwo ni ó ṣe mọ̀? Ta ni ó sanwó rẹ̀? Kí ni kò sọ?

Ẹ rántí bí sinimá ṣe dé àárín wa. Ní ọdún 1939 tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Colonial Film Unit, kí ó máa ṣe sinimá fún àwọn tí ó wà lábẹ́ wọn. William Sellers ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀, Òyìnbó kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà níhìn-ín, tí ó sì ti ń fi sinimá kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ́tótó. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ náà kiri láti ìlú dé ìlú. Wọn a ta aṣọ funfun sí gbàgede, tọmọdé tàgbà a sì péjọ. Sellers gbà gbọ́ pé ará Áfíríkà tí kò tíì mọ sinimá kò lè tètè tẹ̀lé àwòrán tí ń yí padà, nítorí náà ó ní kí wọ́n máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, kí àwòrán kan pẹ́ lójú kí òmíràn tó dé, kí wọ́n má sì lo ọgbọ́n àrà kankan. Iṣẹ́ tiwa, lójú wọn, kò ju kí a wò, kí a sì gbà. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní ọdún 1955, ṣùgbọ́n èrò náà kò tíì kógbá wọlé nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi sinimá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1949 ni ilé-iṣẹ́ sinimá mìíràn tí ó jẹ́ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Crown Film Unit, gbé èyí tí wọ́n pè ní Daybreak in Udi jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojúmọ́ mọ́ ní Udi, ní ilẹ̀ Ìgbò nítòsí Enugu. Terry Bishop ni ó darí rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà sì fún un ní ẹ̀bùn Oscar ti sinimá ìròyìn ní ọdún 1950. Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣòro. Àwọn ará abúlé kan fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn kan nínú ìlú kò fẹ́. Ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó ń gbà wọ́n níyànjú. Wọ́n kọ́ ilé náà. Àwọn alátakò wá dẹ́rù ba agbẹ̀bí ní òru, ṣùgbọ́n agbẹ̀bí kò sá. Ajẹ́lẹ̀ àgbègbè náà gan-an, E. R. Chadwick, ni ó ṣe Ajẹ́lẹ̀ nínú sinimá yìí.

Bí olùkọ́ bá fi sinimá náà han kíláàsì rẹ̀, tí ó sì ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, ogójì ọmọ yóò kọ ìtàn kan náà ní ọ̀nà ogójì. Èyí kì í ṣe ìwádìí, àdàkọ ni. Kí olùkọ́ náà fi í hàn lẹ́ẹ̀kejì, kí ó pa ohùn rẹ̀, kí àwọn ọmọ máa wo àwòrán nìkan. Kí ó wá béèrè lọ́wọ́ wọn pé: Òru ni àwọn adẹ́rùbani dé, ta ni ó ti gbé kámẹ́rà àti iná kalẹ̀ dè wọ́n? Ọmọ tí ó bá ro èyí dáadáa yóò mọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, pé wọ́n ṣètò rẹ̀ fún kámẹ́rà ni. Ta ni wọ́n jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ta ni wọ́n sì kàn ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀? Àwọn tí wọ́n kọ̀, ǹjẹ́ wọ́n jẹ́ kí wọ́n ro ẹjọ́ wọn dé òpin, àbí aláìmọ̀kan ni wọ́n kàn fi wọ́n ṣe? Bí a bá sì ní ojúmọ́ mọ́, ta ni ó pinnu pé òru ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Àwọn baba wa ti wí i pé, agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìwádìí yóò wọlé. Kí olùkọ́ rán àwọn ọmọ lọ wá ohun mìíràn tí ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò náà ní ọdún náà. Wọn yóò bá a pé ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ní ibi ìwakùsà èédú Iva Valley ní Enugu, àwọn ọlọ́pàá tí ó wà lábẹ́ àṣẹ ọ̀gá Òyìnbó yìnbọn fún àwọn awakùsà tí ń bèèrè owó iṣẹ́ wọn, ènìyàn 21 sì kú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń wa èédú ní Enugu ni ó ti àwọn abúlé àgbègbè Udi wá. Ilẹ̀ kan náà, ìjọba kan náà, ọdún kan náà.

Níhìn-ín ni olùkọ́ rere yóò ti dá ọmọ dúró. Ọmọ tí inú ń bí lè sáré kọ ọ́ pé irọ́ ni sinimá náà pa nígbà tí kò sọ ti ìbọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ya sinimá náà kí ìbọn tó dún. Òótọ́ sì ni pé àwọn ará Udi fi agbára ara wọn tún ìlú wọn ṣe ní ìgbà náà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, kò sì yẹ kí ìbínú wa sí Òyìnbó gba ìyìn náà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó tọ́ kí ọmọ náà kọ ni pé sinimá náà fi ọwọ́ tí ìjọba fi ń gbani níyànjú hàn. Ọwọ́ kejì wà tí kò sí nínú àwòrán. Ẹni tí ó sì wo sinimá nìkan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1950 kò lè ti inú rẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ kejì wà. Ọmọ tí ó bá lè kọ gbólóhùn báyìí, tí kò bu èyí kù, tí kò sì fi kún tọ̀hún, ti kúrò ní ọmọdé nínú ìmọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ní ọdún 1922 ni Robert Flaherty, ará Amẹ́ríkà, gbé Nanook of the North jáde, nípa àwọn Inuit tí ń gbé ilẹ̀ yìnyín ní Kánádà. Gbogbo ayé yìn ín. Ṣùgbọ́n Allakariallak ni orúkọ ọkùnrin tí ó pè ní Nanook. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń fi ìbọn ṣọdẹ ní ìgbà náà, Flaherty sì ní kí wọ́n padà lo ọ̀kọ̀. Ilé yìnyín tí a rí i pé wọ́n ń sùn sí, ààbọ̀ ilé ni, wọ́n gé e kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé fún kámẹ́rà. Ta ni ó sì sanwó? Revillon Frères ni, ilé-iṣẹ́ ará Faransé tí ń ra awọ ẹranko onírun lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ibẹ̀. Sinimá náà kò di ohun àdánù nítorí èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ kò wo ohun kan náà.

Ní ti ìwé ìwádìí, ilé wa ni àpẹẹrẹ wà. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní ọdún 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901. Ṣùgbọ́n àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ti ń ṣe bọ̀ kò bá a kú. Àwọn ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún ìwé náà kọ, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Kí àwọn ọmọ wa kọ́ ẹ̀kọ́ méjì níbẹ̀. Èkíní, ẹni tí ó bá tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ tán. Èkejì, Johnson sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀: ó dárúkọ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́. Nítorí pé ó sọ ọ́, àwọn òpìtàn tí ó dé lẹ́yìn lè wí pé ojú Ọ̀yọ́ ni ó fi wo ìyókù ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì lè lọ bèèrè ní ìlú mìíràn. Ẹni tí ó bá fi orísun ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn fún ẹlòmíràn ní ọ̀nà láti tún un ṣe; ẹni tí ó bá fi í pamọ́, ó ti ọ̀nà náà pa.

Kí ni a wá ń rí lónìí? A ń rí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tí ń fi owó ra ìwé ìwádìí tí ẹlòmíràn kọ, tí ó yí orúkọ ìlú inú rẹ̀ padà, tí ó sì gba oyè. A ń rí ọmọ tí ń da ọ̀rọ̀ kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìmọ ẹni tí ó sọ ọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò láàárín àwọn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ilé-ìwé wa, kí ìjọba tó pàṣẹ ní ọdún 2018 pé kí ó padà wá. Ní àkókò yìí kan náà, sinimá ti kúrò nínú ọkọ̀, ó ti wọ inú fóònù. Gbàgede kò sí mọ́, àgbà kò jókòó ti ọmọdé mọ́ láti sọ pé, irọ́ ni èyí. Olúkúlùkù ọmọ ń dá wo tirẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora.

Ohun tí mo ń bèèrè kò tóbi. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí olúkúlùkù ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì kọ ìwé ìwádìí kan, ojú ewé mẹ́rin péré, lórí ohun kan ní ìlú tirẹ̀: ọjà, odò, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ oníkòkó, ọ̀nà tí wọ́n là tí wọn kò parí. Kí ó bi àgbà mẹ́ta léèrè, kí ó sì kọ orúkọ wọn. Kí ó wá ìwé kan tí ó jẹ́rìí. Bí ilé-ìwé náà bá sún mọ́ Ìbàdàn, ilé-ìpamọ́-ìwé ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì níbẹ̀. Kí ó wo sinimá ìròyìn kan, kí ó fi ìbéèrè mẹ́rin tí mo kà sókè yìí yẹ̀ ẹ́ wò. Kí olùkọ́ má fi gígùn ìwé fún un ní máàkì, bí kò ṣe ìbéèrè rere àti ẹ̀rí. Èdè Yorùbá kò sì ní í dí i lọ́wọ́. Ọmọ tí ó bá ro ọ̀rọ̀ jinlẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀ yóò rò ó jinlẹ̀ ní èyíkéyìí.

Àwọn kan yóò wí pé owó dà? Ní ọdún 1956, nígbà tí kòkó àgbẹ̀ jẹ́ òpó àpò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba náà gbé ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá kalẹ̀, wọ́n sì fi Saburi Biobaku ṣe olórí rẹ̀. Nígbà náà, wọn kò ka ìwádìí sí ìnáwó asán. Èyí tí mo ń bèèrè kò gbà ju yàrá kan, fóònù olùkọ́ àti ìwé àjákọ.

Àgbẹ̀ lè wí pé, kí ni èyí kàn mí? Ó kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi fíìmù hàn yín pé oògùn kan pa gbogbo kòkòrò oko, ọmọ yín ni yóò béèrè ẹni tí ó ta oògùn náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá mú fíìmù oko ńlá wá, tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, kí ẹ tó tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀, òun ni yóò béèrè ibi tí àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ wà. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kan àwa ọmọ ẹgbẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa polongo ẹgbẹ́. Àwa náà ń ṣe fíìmù, a sì ń yan ohun tí a fi sínú rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ọmọ tí mo ní kí a kọ́ yìí, ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò kọ́kọ́ wá. Wọn yóò béèrè ẹni tí ó sanwó, wọn yóò béèrè ibi tí ọ̀nà tí a fi hàn nínú fíìmù náà parí sí, wọn yóò sì rìn dé ibẹ̀ lọ wò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń bẹ̀rù irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí Ajẹ́lẹ̀. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ń ka èyí, kí ó lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì ìlú rẹ̀ kí sáà tí ń bọ̀ tó wọlé, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíláàsì kan ṣoṣo.