Ìlù Mú Ohùn, Ẹ̀rọ Mú Fáwẹ́ẹ̀lì: Díẹ̀ Nínú Orin Tí A Fẹ́ràn

Àwọn tí a jọ ń gbé máa ń bi wá pé irú orin wo ni à ń gbọ́ yìí, tó dà bí ìgbà tí fíríìjì ń ráhùn. A kì í bínú. Orin tí a yàn láàyò kì í ṣe orin òde ìnáwó. Orin àwọn tó ń dán ohùn àti ẹ̀rọ wò ni, pẹ̀lú post-punk àti orin orí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí kò gbọ́ wọn rí ti pàdánù ẹ̀kọ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Alvin Lucier, ará Amẹ́ríkà. Ní 1969, ó jókòó sí yàrá kan, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde nínú yàrá kan náà, ó tún gbà á sílẹ̀, ó tún gbé e jáde, títí ọ̀rọ̀ fi yọ́ bí iyọ̀ nínú omi, tó wá ku ìró yàrá nìkan. Ọjọ́ tí a gbọ́ iṣẹ́ yìí ni ẹ̀kọ́ fònẹ́tíìkì tó yé wa: ẹnu náà, yàrá ni. Bí ìrísí rẹ̀ bá yí padà, ìró tó ń jáde á yí padà, àwa á sì pè é ní [a] tàbí [i] tàbí [u].

Ẹnì kejì ni Steve Reich. Ní 1965, ó mú gbólóhùn kúkurú kan láti ẹnu oníwàásù kan ní San Francisco, ó fi í sórí téèpù méjì tí wọn kò rìn dọ́gba. Kí á tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti di orin. Ìyanu ni èyí lójú ọ̀pọ̀ òyìnbó. Àwa ọmọ Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́, a ti mọ̀ kí a tó mọ̀wé pé orin wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Reich fúnra rẹ̀ lọ sí Gánà ní 1970 láti kọ́ ìlù àwọn Ewe, tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wa.

Ẹ̀kẹta ni Kraftwerk, ará Düsseldorf ní Jámánì, àwọn ló sì mú wa kọ̀wé yìí. Orin wọn "Autobahn", tó jáde ní 1974, gùn ju ìṣẹ́jú 20 lọ, ìrìn ọkọ̀ lójú títì ló sì dá lé. Nínú rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní vocoder. Homer Dudley ló ṣe é ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ sílẹ̀. Nítorí tẹlifóònù ló ṣe ṣe é, kì í ṣe nítorí orin. Ẹ̀rọ yìí ń ya ọ̀rọ̀ sí méjì: iṣẹ́ ọ̀fun lọ́tọ̀, iṣẹ́ ẹnu lọ́tọ̀. Olórin á yọ ti ọ̀fun kúrò, á fi dùùrù rọ́pò rẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ dùùrù ló ni ohùn.

Èyí kò ni èdè Jámánì lára. Àmọ́ ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ tiwa. "Ọkọ̀ mi ti bàjẹ́", "ọkọ mi ti bàjẹ́": bí a bá tẹ ojú kan ṣoṣo lórí dùùrù fún méjèèjì, ta ni yóò mọ̀ bóyá mẹkáníìkì ni ká pè tàbí àwọn àna?

Ẹ wá wo dùǹdún. Onílù kò ní fáwẹ́ẹ̀lì, kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ní, síbẹ̀ ó ń ki ọba, ọba sì ń gbọ́. Ìlù mú ohùn, ó fi fáwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀; ẹ̀rọ mú fáwẹ́ẹ̀lì, ó fi ohùn sílẹ̀. Wọ́n pín ọ̀rọ̀ láàrin ara wọn bí ẹni pín obì.

Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ Ṣábẹ, máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin nínú yàrá rẹ̀. Ó kọ orin kan fún ìyá rẹ̀ àgbà ní èdè wa, ó fi ẹ̀rọ na ohùn rẹ̀ gbọọrọ. Nígbà ìsinmi, a gbé e lọ fún Màmá. Màmá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dùn o. Èdè wo ni?" Bẹ́ẹ̀ bí onílù bá lu ìlù lẹ́yìnkùlé, Màmá á sọ ohun tó wí fún un yín. Ọ̀rẹ́ wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ọjọ́ náà, Faransé ló fi ń kọrin. Ó ní èdè wa kò bá ẹ̀rọ mu.

Èyí ni a kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìjọ fi ohùn orin òyìnbó kọ orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló yí padà lẹ́nu àwọn akọrin. Wọn kò torí ìyẹn pa èdè tì. Àwọn olórin bí T. K. E. Phillips ní Èkó, tó tẹ ìwé lórí orin Yorùbá jáde ní 1953, ṣe orin tuntun tó ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀.

Ẹ má sì sọ pé ti òyìnbó ni orin yìí. Nínú post-punk, àwo tí a fẹ́ràn jù ni Remain in Light tí Talking Heads ti New York ṣe ní 1980. Wọ́n gbọ́ Fẹlá dáadáa kí wọ́n tó ṣe é. Ní 2018, Angélique Kidjo, ọmọ Benin wa, ṣe gbogbo àwo náà ní ọ̀tun, Tony Allen tó ti lu ìlù fún Fẹlá sì lùlù níbẹ̀. Ohun tó re àjò ti padà wálé.

Kí ni ká ṣe nígbà náà? Ohun tí à ń kọ́ ní kíláàsì náà ni. Kí olórin kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ lásán, kí ó gbà á sílẹ̀, kí ó ṣí i nínú Praat, kí ó wo ibi tí ìlà ohùn ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ìlà náà lórí dùùrù, bí ọwọ́ onílù ṣe ń fún ọṣán dùǹdún. Ẹni tó bá fẹ́ pa ọ̀rọ̀ rẹ́ bíi ti Lucier, kò burú, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó pa á rẹ́ láìmọ̀, tó wá ní èdè ló jẹ̀bi, òun ni a ń bá wí.

A ti bẹ ọ̀rẹ́ wa, ó ti gbà láti tún orin Màmá ṣe. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, a ó gbé e lọ sí Ṣábẹ. Èsì tí Màmá bá fún wa, ẹ ó kà á ní ojú ewé yìí. Ire o.