Ojú-Awò Wo Ni Kí Ẹgbẹ́ Wa Rà?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò kí ọjọ́ ìpàdé gbogbogbòò tó pé. Owó díẹ̀ ṣẹ́kù sí àpò ẹgbẹ́ lẹ́yìn Ọ̀sẹ̀ Àṣà, àwọn ìgbìmọ̀ sì dábàá pé kí a fi ra ojú-awò tuntun fún awò awọ̀nàjíjìn wa. Títí dé ibẹ̀, a fara mọ́ ọn. Ohun tí a kò fara mọ́ ni pé èyí tó "lágbára jù lọ" ni wọ́n fẹ́ rà.

Fún ẹni tí kò tíì sún mọ́ awò náà rí, ojú-awò ni kékeré tí a ń gbé ojú lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ńlá yẹn. Ó ṣeé yọ, ó sì ṣeé fi òmíràn rọ́pò. Dígí ńlá tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ojú-awò ló ń pinnu bí ohun tí a ń wò yóò ti tóbi tó àti bí ojú ọ̀run tí a óò rí yóò ti fẹ̀ tó. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ń lọ sókè, èkejì a máa lọ sílẹ̀.

Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ní alẹ́ kejì Ọ̀sẹ̀ Àṣà kò ní gbàgbé. Ẹ̀yìnkùlé ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ni a gbé awò náà kalẹ̀ sí. Ojú-awò mìlímítà 20 tó bá a wá ti já bọ́ lọ́wọ́ wa, dígí rẹ̀ sì ti fọ́, ẹ̀bi wa sì ni. Èyí tó kù jẹ́ mìlímítà 4. A tún wá fi awò àfikún tó ń sọ ohun gbogbo di ìlọ́po mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní Barlow, kún un, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé awò náà lè sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 675. Èrò tò lọ bẹẹrẹ. Ẹni àkọ́kọ́ rí òkùnkùn. Ẹni kejì rí ohun funfun kan tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kí ẹni kẹta tó gbé ojú lé e, òṣùpá ti lọ. Jámbáìtì kan tó wọ dígí ojú gbìyànjú títí, ó bọ́ dígí rẹ̀, síbẹ̀ kò rí nǹkan kan. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìlọrin, wò ó títí, wọ́n wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé òṣùpá tí mo ń fi ojú lásán rí yìí náà lẹ ní kí n wá wò?" A fi ẹ̀rín bò ó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọra. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni awò ti wà lábẹ́ ibùsùn Akọ̀wé.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Nọ́ńbà 900 tí ẹ ń rí lára ọ̀pá náà ni iye mìlímítà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn láti ara dígí ńlá kí ó tó kóra jọ sójú kan. Ẹ fi nọ́ńbà ojú-awò pín in. Bí ẹ bá fi 4 pín 900, ẹ óò rí 225. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 675 tí páálí fi ń yangàn. Wọn kò purọ́ nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n dígí wa kò fẹ̀ ju mìlímítà 114 lọ, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sì gbà pé ìlọ́po méjì iye yẹn, nǹkan bíi 228, ni òpin ohun tí irú dígí bẹ́ẹ̀ lè gbé, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun tó bá kọjá ìyẹn dà bí ìgbà tí ènìyàn ń bu omi la ọbẹ̀: ó ń pọ̀ ni, kò dùn.

Ẹ wá fi 32 pín 900. Nǹkan bíi 28 ni. A mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn kan yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìlọ́po 20 ni awò tí Galileo fi rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Jupiter ká ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1610. Ohun tó ni í lára ni pé ojú ọ̀run tó ń rí kéré jọjọ. Kò lè rí òṣùpá tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, apá kan apá kan ló ń wò ó. Tiwa yóò sàn ju ìyẹn lọ. Ojú-awò mìlímítà 32 irú ti Plössl, ará Vienna tó gbé ọ̀nà ṣíṣe rẹ̀ jáde ní 1860, yóò fún wa ní ojú ọ̀run tó lé ní dígírì kan àbọ̀. Òṣùpá mẹ́ta lè tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú rẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ Pleiade tí a ń kà nípa wọn nínú ìwé Jóòbù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú rẹ̀ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni alẹ́ oṣù Ọ̀pẹ ni wọ́n máa ń wà lókè orí wa gan-an níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká tún ro ti èrò tó ń tò. Ilé ayé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín gbùngbùn ojú ọ̀run, ìràwọ̀ a máa rin dígírì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nínú ojú-awò mìlímítà 4, kì í pé ìṣẹ́jú kan tí ohun tí a ń wò fi ń gba etí kan wọlé, gba èkejì jáde. Nínú ti 32, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ènìyàn mẹ́fà lè wò ó kí a tó tún ọ̀pá náà darí. Ẹni tó wọ dígí ojú kò sì ní bọ́ ọ, torí pé ojú lè jìnnà tó mìlímítà 20 sí i kó sì rí gbogbo rẹ̀.

Ti ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú mìlímítà 4 jáde wá sí ojú wa kò fẹ̀ ju ìlàjì mìlímítà lọ. Ti 32 tó mìlímítà mẹ́rin. Ìyàtọ̀ tí èyí ń mú wá lórí ohun tó bá fẹ̀ lójú ọ̀run, bí ìkùukùu ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú Orioni, tó ìlọ́po 64. Bí àwọn oníná bá tún wá mú iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, a óò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Akápò wa bi wá pé bí èyí tó fẹ̀ bá dára, kí ló dé tí a kò kúkú ra 40. Ìbéèrè gidi ni. Ihò tí a ń ki ojú-awò bọ̀ lára awò wa jẹ́ ínǹṣì 1¼, 32 sì ti gba gbogbo ààyè tí ihò yẹn lè fún ni. Ti 40 kì í fi ojú ọ̀run kankan kún un. Ńṣe ni ènìyàn ń dà bí ẹni tó ń yọjú láti ojú wíńdò tóóró. Àwọn mìíràn wà tó fẹ̀ ju ti Plössl lọ, bí irú èyí tí Al Nagler ṣe ní Amẹ́ríkà, tó fẹ̀ tó dígírì 82 lójú ẹni tó ń wò ó, ṣùgbọ́n owó ọ̀kan nínú wọn lè ju owó awò wa fúnra rẹ̀ lọ.

A kò ní kí á má ra èyí tó lágbára títí láé. Òrùka Saturn yóò kéré púpọ̀ ní ìlọ́po 28, ẹni tó bá sì fẹ́ rí i dáadáa yóò nílò nǹkan bíi mìlímítà 10, tó jẹ́ ìlọ́po 90. Kí ìyẹn dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tò ní alẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa, àwa la sì fi ẹnu wa pè wọ́n. Bàbá géètì ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo la óò tún gbé e jáde. A kò tíì rí èsì fún wọn.