Ìwọ̀fà Alákọ̀wé

Láyé àtijọ́, bí bàbá kan bá nílò owó láti fi sìnkú, tàbí tí ọ̀ràn kan bá já lù ú lójijì, ó lè fa ọmọ rẹ̀ lé olówó lọ́wọ́. Ọmọ yìí ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀fà. Á máa lọ sóko olówó, á máa kọ ebè, iṣẹ́ tó sì ń ṣe yẹn ni èlé orí owó náà. Kò dín nǹkan kan kù nínú iye tí bàbá yá. Bàbá ló jẹ gbèsè, ọmọ ló ń sìn ín. Ìjọba òyìnbó fòfin de àṣà yìí nígbà tó yá, lónìí a sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi nǹkan tó ti kú tí wọ́n ti sin. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń lọ ní Akọka ná.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tó máa fi di oṣù keje, UNILAG ti kéde owó ilé-ìwé tuntun. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà nílé-ìwé, tí wọ́n ń san ₦19,000, gbọ́ pé ó ti di ₦100,750, bí ẹ̀kọ́ wọn ò bá tiẹ̀ nílò yàrá àyẹ̀wò. Ti akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ láti ₦126,325. Nígbà yẹn, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ jẹ́ ₦30,000. Èyí ni pé bàbá tó ń gba owó yẹn ní Mushin lè gbààwẹ̀ oṣù mẹ́rin gbáko, kó má ra gààrí, kó má wọ danfó, owó ọmọ tuntun kan ò tíì pé. Ẹ má sì gbàgbé pé ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún yẹn náà ni wọ́n kéde pé sábúsídì epo ti lọ. Owó ọkọ̀ láti Ojúẹlẹ́gba sí Yábàá ti fò sókè kí owó ilé-ìwé tó tẹ̀lé e.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó tẹ̀léra: òfin gbèsè ló ṣáájú, owó gọbọi ló tẹ̀lé e. Bí òbí bá ní owó yìí ti pọ̀ jù, èsì ti wà nílẹ̀: ṣebí ẹ lè yáwó. Ohun tí mo ń bá jà gan-an nìyẹn. Wọ́n sọ ẹ̀yáwó di ohun tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́. Níbi tí ẹ̀yáwó bá ti wà tí kò sí òfin tó de owó ilé-ìwé mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tó máa bẹ̀rù láti fi owó kún owó.

Òfin àkọ́kọ́ yẹn gan-an, ẹ̀fẹ̀ ni. Ó ní ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un bá kéré sí ₦500,000 lọ́dún nìkan ló lè yáwó. Bàbá àti ìyá tí àwọn méjèèjì ń gba ₦30,000 lóṣù ń gba ₦720,000 lọ́dún. Lójú òfin, wọ́n ti lówó jù! Ó tún ní kí ọmọ tálákà lọ wá onídùúró méjì, àwọn èèyàn ńlá. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin mìíràn tó mú àwọn ìdènà yìí kúrò, NELFUND sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni àjọ NERC kéde pé owó iná fún àwọn tó wà ní Band A ti kúrò ní ₦68 fún kilowatt wákàtí kan, ó di ₦225. Ta ni ò mọ̀ pé iná ló ń gbé yunifásítì ró? Ìjọba na ẹ̀yáwó sí ọmọ ní ọwọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì gbọ́n àpò ilé-ìwé. Ilé-ìwé á kọjú sí ọmọ, ọmọ á kọjú sí ẹ̀yáwó. Ká máa yípo lọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní í purọ́ mọ́ NELFUND. Kì í ṣe sọ́ọ̀gùndogójì, kò gba èlé. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-ìwé, ₦20,000 sì wà lóṣù fún oúnjẹ àti ọkọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tí o bá ṣe agùnbánirọ̀ tán ni sísan bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú owó oṣù rẹ, bí o bá ríṣẹ́. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé àìsí owó yìí ni ì bá lé wọn kúrò nílé-ìwé. Ìwọ tí o ti gbà á, má tijú rárá. Ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká jọ ṣírò ó.

Ká ní owó ilé-ìwé rẹ jẹ́ ₦100,000 lọ́dún, ká ní o gba ₦20,000 fún oṣù mẹ́wàá lọ́dún. Lọ́dún mẹ́rin, o ti jẹ ₦1,200,000. Ká ní iṣẹ́ tí o rí ń san ₦70,000, tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ láti 2024. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ₦7,000. Pín in wò: ó lé ní ọdún mẹ́rìnlá kó tó tán. Ẹ lè ní owó oṣù á gòkè. Ta ló ní owó ilé-ìwé ò ní í gòkè ṣáájú rẹ̀? Ọmọ olówó tí ẹ jọ jókòó sí gbọ̀ngàn kan náà, bàbá rẹ̀ ti sanwó tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìwé-ẹ̀rí kan náà lẹ gbà. Ó gbé tiẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ ń fà á bí ẹni ń fa ẹrù. Kò sí bí a ṣe ṣe ebòlò tí kò ní í rùn ìgbẹ́: ẹ pè é ní àǹfààní, ẹ pè é ní ìrètí ọ̀tun, gbèsè ni.

Àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú wa wà níbẹ̀ ká fi wọ́n kọ́gbọ́n. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, £1,000 lọ́dún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Ní 2006, wọ́n gbé e dé £3,000, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má fòyà, ẹ̀yáwó á gbé e. Ní 2012, ó di £9,000. Ní 2025, £9,535. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham, wọ́n á sọ fún yín iye tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wọn. Ní Amẹ́ríkà, gbèsè ilé-ìwé ti lé ní tírílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Àwọn yẹn sì níṣẹ́ ju tiwa lọ o.

Àwọn kan á ní, “₦19,000 ò lè gbé yunifásítì ró láyé yìí.” Òótọ́ ni. Dísù wọ́n, kẹ́míkà yàrá àyẹ̀wò wọ́n, olùkọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹun. Ohun tí mò ń béèrè ni pé ta ló yẹ kó san án? Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni, kì í ṣe ti bàbá Mushin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdá tí ìjọba àpapọ̀ ń yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ nínú ìṣúná rẹ̀ kò dé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, owó orí àti owó kòkó ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò kọ orúkọ ọmọ ọdún mẹ́fà sínú ìwé gbèsè. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣòfin fún wa lónìí ló lọ sí yunifásítì nígbà tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́. Wọ́n gun àkàbà tán, wọ́n wá ń ta àkàbà fún wa láwìn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé owó tó bá ti lọ sókè kì í sọ̀ mọ́. Ní oṣù kẹrin 1978, nígbà tí ìjọba ológun fi owó kún oúnjẹ àti ibùsùn ní yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ìjà “Ali Must Go” nìyẹn, níbi tí ìbọn ti pa Akíntúndé Òjó, ọmọ UNILAG. Ní 2011, LASU gbé owó láti ₦25,000 lọ sókè tó fi lé ní ₦300,000 fún àwọn ẹ̀ka kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò yé pariwo, nígbà tó sì di 2014, Gómìnà Fáṣọlá dá a padà sí ₦25,000. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, lẹ́yìn ìwọ́de ní Akọka, ₦100,750 yẹn di ₦80,750. Kò tó, àmọ́ ó fi hàn pé èèyàn ló fi ẹnu ara rẹ̀ bu iye náà, èèyàn sì lè dín in kù.

Nítorí náà, ohun tó yẹ ká máa béèrè ò le. Iye tí ọmọ bá fi wọlé ni kó máa san títí tó fi máa jáde. Kí ilé-ìwé kọ ohun tó gbà àti ohun tó ná síta, kí gbogbo wa rí i kà. Ọmọ ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ kò yẹ kó jẹ gbèsè kankan: kí wọ́n fún un lówó yẹn ní ẹ̀bùn. Ní 2025, àjọ ICPC kéde pé òun ń ṣèwádìí ẹ̀sùn pé àwọn ilé-ìwé kan ń yọ nínú owó ẹ̀yáwó. Kọ́bọ̀ tí ọmọ kò bá fojú rí, kò gbọ́dọ̀ wà lára gbèsè rẹ̀.

Bí sapa bá ti mú ọ, yá owó náà, kàwé rẹ, kó o sì tọ́jú gbogbo ìwé tó bá kan ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí olóṣèlú bá wá sí Surulere tó ní ká dúpẹ́ pé òun ti rán ọmọ tálákà lọ sílé-ìwé, kí ẹnìkan nàró níbẹ̀ kó bi í pé: ọ̀gá, nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló máa san án?