Ilé Là Á Wò Kí Á Tó Sọmọ Lórúkọ

Àwọn baba wa tí wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ kò pa òwe náà mọ́ ìkókó tí a gbé jáde ní ọjọ́ kẹjọ nìkan. Ìlú pẹ̀lú ń jẹ́ orúkọ, ẹni tí ó bá sì pe ìlú ní ohun tí ilé rẹ̀ kò jẹ́, ó ti fi ìtàn du àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí ó mú òwe yìí wá sí mi lẹ́nu ni pé bí a bá bi ọ̀pọ̀ àwa ará Òkè-Àró, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ìpínlẹ̀ Ògùn, léèrè ní ìdálẹ̀ pé níbo ni à ń gbé, "Èkó" ni à ń dáhùn, akọ̀wé inú wa a sì ní "Légọ́ọ̀sì".

Ẹ jẹ́ kí á wo ilé orúkọ náà. Ohùn ìsàlẹ̀ ni Èkó fi bẹ̀rẹ̀, ohùn òkè ni ó fi parí. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí ọmọdé ń kọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀kọ tí a ń fi ewé pọ́n. Àwọn kan ní oko ni ó di Èkó, nítorí pé oko ata Àrómirẹ ni ilẹ̀ tí a tẹ ààfin Ìgá Ìdúngànràn dó sí. Àwọn mìíràn, tí mo gbà pé ọ̀rọ̀ tiwọn fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, ní èdè Ẹ̀dó ni, pé ibùdó ogun ni ará Ìbìní ń pè bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí àwọn jagunjagun Ọba Orhogbua ti pàgọ́ sí erékùṣù náà. Oko ni o, ibùdó ogun ni o, ilé ni a wò nínú méjèèjì. Àwọn Potogí, tí ọkọ̀ wọn kọ́kọ́ dé agbègbè náà ní 1472, omi ọ̀sà ni wọ́n wò ní tiwọn, orúkọ tí ìlú èbúté wọn kan ń jẹ́, Lagos, ni ó sì mọ́ ọn lára. Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ìlú ní 1861 ni ó yí i lẹ́nu títí ó fi di Légọ́ọ̀sì.

Àgbà tí ó ti pẹ́ ní Múṣín tàbí Agége ṣì máa ń wí pé òun ń lọ sí Èkó bí ó bá fẹ́ dé Ìdúmọ̀tá, nítorí erékùṣù yẹn nìkan ni Èkó ní ìgbà èwe rẹ̀. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà àti Agége wà títí di 27 oṣù Karùn-ún 1967, tí a dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúkọ ti ń ràn, tí ó ré kọjá ààlà tí òfin fà, tí ó sì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

N kò bá ẹni tí ó ń jẹ́ ará Èkó láti Òkè-Àró jà. Ìdájí ni ó ń jí lọ síbẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́, ọkọ̀ ojú irin ìjọba Èkó pàápàá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádó tí ó múlé tì wá lọ sí Oyíngbó láti oṣù Kẹwàá 2024. Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, ta ni kò wù? Ṣùgbọ́n ta ni baba, ta ni ọmọ? Ìtàn Àwórí wí pé àwo tí Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre ń tẹ̀ lé lórí odò Ògùn, odò kan náà tí ìpínlẹ̀ wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, dúró ní Ìṣẹrí tí kò jìnnà sí wa, kí ó tó ṣàn lọ rì ní ẹ̀bá ọ̀sà. Láti Ìṣẹrí ni àwọn Àwórí sì ti lọ tẹ erékùṣù náà dó. Nítorí náà, ọmọ agbègbè yìí ni Èkó. Lóòótọ́ a máa ń pe obìnrin ní Ìyá Bọ́lá, ṣùgbọ́n a kì í pè é ní Bọ́lá.

Òkè-Àró kò sì ṣe aláìlórúkọ. Ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ wà nínú èyí tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nígbà tí àjàkálẹ̀ ibà ẹlẹ́dẹ̀ sì jà ní 2020, tí ó sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di olófo, Òkè-Àró ni orúkọ tí gbogbo ìwé ìròyìn ń dá. Kí ló dé tí orúkọ tí a fi ń sọ àdánù wa kò tó fi júwe ibùgbé wa?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí jù ni owó orí. Òfin ní ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni owó orí rẹ̀ yóò máa lọ. Ẹni tí ó ń sùn ní Òkè-Àró, tí ó kọ Èkó sínú ìwé ibi iṣẹ́ rẹ̀, owó tí à bá fi tún títì Òkè-Àró ṣe ni ó ń fi ránṣẹ́ sí Ìkẹjà. Nígbà tí òjò bá sì wọ́ ọ̀nà lọ, Abẹ́òkúta ni yóò máa bú.