Ẹgbẹ́ Ló Ń Mú Ni Sáré, Kì Í Ṣe Ọkàn Líle

Ẹni tó bá ní òun ń retí ọjọ́ tí ara òun yóò yá kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kò ní sáré láé. Mi ò ní fepo bọyọ̀. Ta ni ara rẹ̀ ń yá láti sá kìlómítà mẹ́wàá nínú oṣù Kìíní ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí òjò sì ń ṣẹ́ winniwinni sórí Walworth Road? Àwọn tí ẹ ń rí tí wọ́n ń sáré nínú òkùnkùn yẹn, ọkàn tiwọn kò le ju tiyín lọ. Ẹnì kan ló ń dúró dè wọ́n níbì kan.

Àwọn tó ń ta bàtà àti aago tí ń ka ìṣísẹ̀ ń pariwo fún wa pé inú ara ẹni ni kóríyá wà. Irọ́ ni, ọjà ni wọ́n fẹ́ tà. Láti ọdún 1898 ni Norman Triplett ní Amẹ́ríkà ti yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje wò, tó sì rí i pé ẹni tó bá ẹlòmíràn gùn ún ń yára ju ẹni tó ń dá bá aago díje lọ. Ẹ wo Eliud Kipchoge, asáré ọmọ Kenya. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ní Vienna, ó sá kìlómítà 42.2 láàárín wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ayé mọ̀, ṣùgbọ́n asáré 41 ló ń gbà á fún ara wọn láti yí i ká lójú ọ̀nà, kí afẹ́fẹ́ má baà dí i lọ́wọ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá nílò ẹgbẹ́, kí ni èmi àti ẹ̀yin tí à ń ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ fẹ́ fi ọkàn líle dá ṣe?

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwa Yorùbá ló yẹ kó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn baba wa dá àáró: òní oko tèmi, ọ̀la oko tìrẹ. Ẹni tí kò yọjú sí oko ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé koríko yóò bo tòun. Síbẹ̀, ẹ wo ìgbé ayé wa láti Walworth dé Peckham. A ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, àjọ olóṣooṣù, ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orí àga la ti ń ṣe ìpàdé gbogbo wọn, oúnjẹ la sì fi ń kádìí rẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá gbé ọ̀kan nínú wa lọ, gbogbo ẹgbẹ́ wọ̀nyí á pé síbi ìsìnkú nínú aṣọ kan náà. Àwọn dókítà ilẹ̀ yìí ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé àrùn yìí ń bá àwa adúláwọ̀ jà ju àwọn ẹlòmíràn lọ. NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ yìí, ní kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú 75 tó bá jẹ́ eré agbára bíi sísáré. Ẹgbẹ́ wo nínú ẹgbẹ́ wa ló ń bi ọmọ ẹgbẹ́ léèrè ìyẹn?

Ibi tí a ó ti sá a kò sì jìnnà. Burgess Park nà láti Camberwell Road dé Old Kent Road. Afárá kan wà nínú rẹ̀ tí omi kò sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́, torí wọ́n ti dí Surrey Canal pa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá yìí ni mo ti rí ohun tí mò ń wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn asáré kan ni, wọn ò ju mẹ́fà lọ. Ìyá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló dé kẹ́yìn, aṣọ iṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ó na fóònù sí wọn: "Ẹ wo ohun tí ọmọ yìí kọ sí mi. Ó ní, 'Àǹtí, a ò ní kúrò níbí láìrí yín o.'" Ó ń ráhùn, ó ń so okùn bàtà, ó sì sáré. Nígbà tí wọ́n yí adágún omi ká lẹ́ẹ̀kejì, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọkùnrin tó kọ ọ̀rọ̀ náà dẹwọ́ eré, ó ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń béèrè ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì. Aago wo ló lè ṣe ìyẹn?

Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni ẹni tó ń dúró de ẹgbẹ́, pé ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá túká ni eré rẹ̀ parí. Ta ló sọ pé dandan ni ká dá jìyà? Ẹgbẹ́ tó bá ní ọjọ́ àti wákàtí tí kì í yẹ̀ kì í tètè túká. Àwọn mìíràn á ní ojú ń ti àwọn torí ẹsẹ̀ àwọn ò yá. Ní parkrun tó ń wáyé ní Burgess Park láàárọ̀ Sátidé láago mẹ́sàn-án, kìlómítà márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa rìn bọ̀ lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Ìṣọ́ òru Fúráìdè kò jẹ́ kẹ́ ẹ lè jí? Ẹ yan ọjọ́ mìíràn. Ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó kò bá yín lára mu? Charlie Dark, DJ àti akéwì adúláwọ̀, dá ẹgbẹ́ asáré tirẹ̀, Run Dem Crew, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà ní ọdún 2007. Ní ti àwọn obìnrin tó ń bẹ̀rù òkùnkùn, òótọ́ wà lọ́wọ́ wọn, ìdí tó sì fi yẹ kí wọ́n pọ̀ jáde nìyẹn.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ̀yin pásítọ̀ Old Kent Road, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn jù. Ẹ yéé sọ fún wa lórí pẹpẹ pé ká máa ṣeré ìdárayá, láìdá ọjọ́, láìdá wákàtí. Ẹ dárúkọ ọjọ́, ẹ dárúkọ ibi tí a ó ti pàdé, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò máa pe àwọn tí kò wá. Owó ìtanràn tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé, ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá pa eré jẹ, kí ẹ fi ra kánfáàsì fún ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ní.